Ó Fà Á Wá Sáyà

A to àfọ́kù bààlúù kékeré náà sílẹ̀ bó ṣe wà kó tó já: imú níwájú, ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrù lẹ́yìn. Awakọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti wá ohun tó mú kó já.

Ìyàwó awakọ̀ náà wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìkejì ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ẹ́ńjìnnì ló kú."

Mo fi abẹ̀bẹ̀ iwájú hàn án. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, apá kan abẹ̀bẹ̀ ló sábà máa ń tẹ̀ bó bá kanlẹ̀. Gbogbo apá èyí ló ká bí ewé tí iná jó. "Ó ń ṣiṣẹ́ títí dé ilẹ̀, àbúrò mi."

Ó rọra jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. "Òótọ́ ni ìyá ọkọ mi wí nìyẹn. Ó ní ẹnu mi ló lé ọmọ òun lọ sọ́run, pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ doríi bààlúù kodò."

"Ṣé ọkọ rẹ ń sùn dáadáa?"

"Oorun wo? Dókítà kan fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìkọ̀kọ̀. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, ó tún ti ń bú mi pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀." Ẹ̀rín yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì wọlé padà. "Àfi bí àyẹ̀wò ìlera fún ìwé àṣẹ awakọ̀ ṣe dé. Ó da oògùn sí ṣáláńgá, kí wọ́n má bàa bá a nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá rí i, ẹsẹ̀ lòun ó máa fi rìn títí ayé. Látìgbà náà ló ti ń rìn yí pálọ̀ ká mọ́jú."

Àwọn awakọ̀ máa ń fi àìsàn pamọ́ bí ẹni fi ẹyin sápò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó fẹ́ fi wá sílẹ̀ ni?"

Mo mú un lọ sídìí ọ̀pá ìdarí. Bí awakọ̀ bá tì í síwájú, imú bààlúù á lọ sílẹ̀. Bó bá fà á, imú á gbé sókè. Irin kékeré méjì wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí kì í jẹ́ kó kọjá àyè. Lórí irin ẹ̀yìn ni ìkanlẹ̀ ti tẹ àmì.

"Ó fà á wá sáyà," mo wí. "Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi fà á. Ẹni tó fẹ́ kú kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yí padà. "Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó sì fà á. Kí ló dé tí ò gòkè?"

Mo wá irọ́, n kò rí. "Eré bààlúù ti kéré jù, afẹ́fẹ́ ò gbé ìyẹ́ mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, títì là ń ti ọ̀pá síwájú, kí imú sọ̀ kalẹ̀, kó lè rí eré. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sùn ló ń rántí."

"Tó bá jẹ́ pé ó kàn jọ̀wọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Ó padà wá, ó fọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá náà mú, ó ń tì í síwájú, ó ń tì í. Ọ̀pá ti wọ́. Kò mira.