Okùn Inú Sẹ́ẹ̀lì Ọmọ Tuntun

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ń to ègé purotéènì kéékèèké lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí yóò wọ inú sẹ́ẹ̀lì alààyè, tí yóò sì so ara rẹ̀ pọ̀ di okùn níbẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ìgò, tèmi ń lẹ̀ mọ́ra bí ọmọ ìyá. Bí wọ́n bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì báyìí, sẹ́ẹ̀lì á fi wọ́n ṣe oúnjẹ.

Oṣù mẹ́fà péré ni Ọmọ Tuntun lò. Bẹ́ẹ̀ ni a ń pè é ní yàrá ìwádìí wa, nítorí òun ni a gbà kẹ́yìn. Ó mú àtòjọ tèmi, ó pààrọ̀ ẹyọ méjì nínú mẹ́rìndínlógún tó wà nínú rẹ̀, okùn sì jáde nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa lẹ fọ́tò okùn náà mọ́ ilẹ̀kùn. Àyè iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà fún wa lọ́dún tó ń bọ̀: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yege ni yóò dúró, èkejì yóò di ẹrù rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó, ó mà jọ òwú o!" ni Ọmọ Tuntun wí.

"Ó jọ òwú," ni mo dáhùn. Eyín nìkan ni mo fi rẹ́rìn-ín.

Mo ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ bí ìyá ọkọ tó ń wá ẹ̀sùn sí ìyàwó lẹ́sẹ̀. Ní ojú ewé kọkàndínlógún ni mo ti rí i: kí ó tó ya fọ́tò, ó ti da oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì, tó ń mú un gan síbi tó wà, lé wọn lórí. Òkú ni ó yà! Oògùn náà fúnra rẹ̀ sì lè mú kí ègé ṣù jọ bí okùn. Mo lè pè é sí kọ̀rọ̀ kí n sọ fún un. N kò pè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tọ́jú ọ̀rọ̀ náà de ọjọ́ ìpàdé, mo sì ń tan ara mi pé òdodo ni mò ń jà fún.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni mo wí lójú gbogbo ènìyàn, "ta ló ń fi òkú jẹ́rìí alààyè?"

Bàbá Awò, tó ń tọ́jú maikirosikóòpù, fi ọwọ́ bo ẹnu. "Òkú ọ̀hún mà dùn-ún wò o."

Omi lé ròrò lójú Ọmọ Tuntun. "Mo ní àwo sẹ́ẹ̀lì kan tó ṣì wà láàyè, mà. Mi ò tíì wò ó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ lo pe ẹjọ́. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ wò ó."

Kámẹ́rà maikirosikóòpù ti bàjẹ́, ojú wa nìkan ni a ó fi wò ó. Nínú gbogbo àwo náà, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń tàn. Okùn kún inú rẹ̀, tín-ín-rín, wọ́n ń mì. Gbogbo wa la mọ̀ pé iná maikirosikóòpù a máa jẹ àwọ̀ tó ń mú kí okùn tàn: bí ènìyàn bá wò ó pẹ́, ẹlòmíràn kò ní í rí nǹkan kan mọ́. N kò pa iná náà. Mo wò ó títí okùn náà fi ń ṣá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ibẹ̀ fi dúdú.

Bàbá Awò gbapò mi. "Òkùnkùn ni mo rí, àfi bí ojú àgbà bá ti ń dé."

"Ìwọ ńkọ́?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi mí.

Bí mo bá ní n kò rí nǹkan kan, àyè iṣẹ́ di tèmi. Mo wo Ọmọ Tuntun. Kò bẹ̀ mí. Ó gbà mí gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

"Okùn wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà wà láàyè. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi iná jẹ ẹ́ tán."

"Bí ẹni tó ń jowú ẹni bá jẹ́rìí ẹni," ni Bàbá Awò wí, "ẹjọ́ ti parí nìyẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí i.

Lẹ́nu ọ̀nà, Ọmọ Tuntun di apá mi mú. "Àǹtí mi, ẹ ṣeun."

"Má dúpẹ́. Lọ ṣe àwo mẹ́ta sí i, kí ojú mìíràn rí i."

"Ṣé ẹ ó bá mi wò wọ́n?"

"N kò ní í sí níbí," ni mo wí, mo sì yọ apá mi.