Ta Ni Ń Jẹ́ "Wọ́n"?

Nígbà tí Saidat sọ ní kóòtù pé, "Wọ́n ní kí n fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ náà," ènìyàn mélòó ni ó ní lọ́kàn?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ìwádìí ikú Jemilat wá dúró lé lórí ní Yábà lọ́dún 1988. Pé pẹnisilíìnì ni ó pa á ní ọsibítù aládàáni kan ní Sùúrùlérè kò ní àríyànjiyàn nínú. Dókítà ìjọba tó yẹ òkú wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bírò pupa ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀ pé ara rẹ̀ kò gba oògùn náà. Ẹni tó pàṣẹ nìkan ni a kò tíì mọ̀.

Saidat, tó gún abẹ́rẹ́ náà, kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Dókítà Kọ́lápọ̀, tó ni ọsibítù náà, ló kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Dókítà yìí jókòó sí àga iwájú, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Nítorí pé Yorùbá ni Saidat fi jẹ́rìí, ògbufọ̀ ti túmọ̀ "wọ́n" sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìwé kóòtù, tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ibẹ̀ ni Ọládiméjì, lọ́yà dókítà, dì mú.

"Olúwa mi, ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yìí bí kò ṣe ẹbí? Ọkọ olóògbé ló fi dandan lé e pé àfi abẹ́rẹ́. Gbogbo wa la mọ àwọn aláìsàn wa: bí a ò bá gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á ní a ò tọ́jú àwọn."

Mùíz, ọkọ Jemilat, fò dìde. Bí kóòtù bá gba àlàyé yìí, àkọsílẹ̀ ìjọba yóò máa sọ títí láé pé òun ni ó béèrè ohun tó pa ìyàwó òun.

"Irọ́ ni! 'Wọ́n' ni mò ń pe màmá mi. Ṣé ìyẹn sọ wọ́n di ènìyàn mẹ́ta?"

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ Kòfowórọlá kò rẹ́rìn-ín. Gẹ́gẹ́ bí kóronà ni ó ṣe jókòó lọ́jọ́ náà, ìyẹn adájọ́ tí òfin yàn láti wádìí ikú tó bá mú ìfura dání.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Mùíz. Lọ́yà, ẹ̀yin náà, ẹ jókòó." Ó yíjú sí Saidat. "Mi ò jókòó síbí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tó kú, ìgbà tó kú, ibi tó kú sí, àti bó ṣe kú ni òfin ní kí n wádìí. Bí ìdáhùn kan bá lè kó ìwọ fúnra rẹ sínú ẹ̀sùn, o lẹ́tọ̀ọ́ láti má dáhùn. Ṣùgbọ́n bí o bá dákẹ́, ohun tó ti wà nínú ìwé ló máa dúró. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

"Nígbà tí o rí ohun tí wọ́n kọ sára káàdì, ta lo fi hàn?"

"Mo fi hàn wọ́n, mà. Wọ́n ní káàdì àtijọ́ nìyẹn, kí n yáa ṣe kíá."

"Ta ni 'wọ́n'?"

Dókítà Kọ́lápọ̀ wúkọ́. Saidat di igi àpótí ẹlẹ́rìí mú. Báwo ni ènìyàn ṣe ń dárúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, lójú ọ̀gá náà, láàárín àwùjọ? Ó wo Mùíz, tí kò tíì jókòó.

"Dókítà Kọ́lápọ̀ ni, mà," ni ó wí. "Àwọn nìkan ni."