Ọ́ìlì Tó Ṣẹ́kù Nínú Ike

Akíntáyọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀ nínú àgbàlá wọn ní Òkè-Àfà, ó tẹjú mọ́ ike ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

Irin roboto kan wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, inú rẹ̀ ni jíà tó ń yí wọn wà. Ó ti tú ọ́ìlì dúdú ibẹ̀ sínú bàsíà. Ẹni tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìwọ̀n ni, ó rọ ọ́ sínú ike òfìfo kan, ike náà kún dẹ́nu. Ó dí ihò ìsàlẹ̀, ó wá ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ tuntun gba ihò ẹ̀yìn. Irú ike kan náà ni ti tuntun, ṣùgbọ́n kò tíì lò ó dé ìdajì tí ọ́ìlì fi ń ṣàn padà jáde.

Báwo ni ohun tó jáde ṣe pọ̀ ju ohun tó fẹ́ wọlé lọ?

"Akin, ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?"

Bàbá rẹ̀ ni, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti múra tán. Lọ́sàn-án yẹn ló fẹ́ gbé ìyá tó bí i, Màmá Ìkéré, padà sí Ìkéré-Èkìtì, tòun ti bẹ́ẹ̀dì onígi tí màmá ní òun kò ní fi sílẹ̀ l'Ékòó.

"Dádì, ó ń dà síta, àmọ́ kò tíì kún."

"Ohun tó ń dà síta ni kò kún? Yunifásítì wo ló kọ́ ẹ? Dé e, jẹ́ ká máa lọ."

"Tí ọ́ìlì ò bá tó, jíà yìí lè gan lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin àti Màmá lẹ máa sùn sínú igbó."

Màmá Ìkéré tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbé kọ́ọ̀pù omi rẹ̀ kúrò lẹ́nu. "Èmi ní bẹ́ẹ̀dì tèmi. Kí bàbá ẹ lọ wá tiẹ̀."

Akin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó ki wáyà bọ ihò. Kò sí ohun tó dí i. Ó fi ìka ra ọ́ìlì àtijọ́. Kò sí omi nínú rẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé ọ́ìlì tó kán sílẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó ń sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ó yọ́ jáde, ó wo mọ́tò náà láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ sójú títì àdúgbò wọn títí tó fi ga ju ilẹ̀ àgbàlá lọ. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu géètì ló gbé mọ́tò sí, imú rẹ̀ lókè, ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kọ́ọ̀pù yẹn."

Omi inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Ó mú kí kọ́ọ̀pù náà fì sápá kan díẹ̀díẹ̀. Omi náà kò kún, síbẹ̀ ó dé etí, ó dà.

"O sì da omi mi nù," ni màmá wí.

Ó dé ihò ẹ̀yìn, ó rọra wa mọ́tò jáde sójú títì tó tẹ́jú, ó tú ihò náà, ó ní kí bàbá rẹ̀ ti ìka bọ̀ ọ́. Bàbá ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó kúnlẹ̀, ó wá ọ́ìlì títí, ìka rẹ̀ kò kàn án.

"Rọ ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Jíà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ́ìlì tó ṣẹ́kù nínú ike náà tán.

Nígbà tó di alẹ́, fóònù Akin dún.

"A ti délé. Jíà ẹ ò pariwo rárá," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n Màmá ní bẹ́ẹ̀dì òun fì sápá kan. Wọ́n ní kí n bi ẹ́, ṣé ilẹ̀ yàrá ni àbí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì?"

Akin dìde jókòó.

"Dádì, ẹ bá mi bu omi sí kọ́ọ̀pù."