Yétúndé Kò Kọ Oúnjẹ

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí Yétúndé dáyé, wúyẹ́wúyẹ́ ni gbogbo ilé ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́. Bí Tolúlọpẹ́ ìyá rẹ̀ bá fi ọmú sí i lẹ́nu, á mú un bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ọ̀run wá. Kò ní í pẹ́, omi ọmú á gba imú rẹ̀ jáde, á húkọ́, á ké, á sì sun oorun àárẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ní báyìí, awọ itan rẹ̀ ti ń ká jọ bí aṣọ tí wọ́n gé tóbi jù.

Adétóyè, bàbá ọkọ Tolúlọpẹ́, jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń gbé àsíá fún ọkọ̀ ojú irin ní relúwéè Ọ̀fà kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ wúwo. Oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó bí ọmọ náà ni Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ kú. Ní ọjọ́ mọ́kànlá tó kẹ́yìn ayé obìnrin náà, Adétóyè fúnra rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu. Morẹ́nikẹ́ á pa ẹnu dé, á kọjú sí ògiri. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bá a wí, kò gbà. Adétóyè kò tíì dárí ìyẹn jì í. Nígbà tí wọ́n wá bí ọmọbìnrin, tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní Yétúndé, ó rò pé ìyàwó òun ti yí ọkàn padà. Àṣé ó tún wá pa ẹnu dé ni.

"Agídí ìyá àgbà ló ń ṣe," ni Alhaja Màrdíyyàh wí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ Morẹ́nikẹ́ ni, òun ló sì ń wẹ ọmọ fún wọn nígbà tí kò ti sí ìyá ọkọ mọ́. "Mo mọ̀ ọ́n, a jọ dàgbà ni. Bí kò bá fẹ́ nǹkan, àfi kí ẹ fi tipá fún un. Ẹ jẹ́ kí n rọ ọ́."

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Tolúlọpẹ́ wí, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù."

"Gbádé tó wà ní Àbújá? Ta ló rọ Gbádé? Orí tó fi ń ṣe ọ̀gá káàkiri yẹn, ẹ̀kọ ọwọ́ mi ló gbé e ró!"

Tolúlọpẹ́ wo ojú bàbá ọkọ rẹ̀. Òun ni àgbà ilé, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Adétóyè mi orí sí Alhaja pé kó máa ṣe é.

Alhaja na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu bí igbá kékeré, ó sì da ẹ̀kọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ọwọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ nìyẹn: ọmọ tí kò bá gbé e mì kò ní í ráyè mí. Nígbà tirẹ̀, Gbádé gbé e mì. Yétúndé kò gbé e mì. Ẹ̀kọ ya jáde ní imú, ọmọ náà na ọwọ́ gan-an, ètè rẹ̀ sì yí sí àwọ̀ aró.

"Ó tó!"

Ohùn Adétóyè dún bí ìgbà tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ó gba ọmọ náà, ó dà á dojú bolẹ̀ sórí apá rẹ̀, ó sì ń gbá a lẹ́yìn títí ó fi ké. Igbe tín-ín-rín ni.

"Tolúlọpẹ́," ni ó wí, "wọ bàtà rẹ."

Kẹ̀kẹ́ kan ló gbé gbogbo wọn, Alhaja náà kò gbà kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ní ọsibítù, dókítà gbọ́ àyà ọmọ, ó ní èémí rẹ̀ mọ́, ó sì fi wọ́n lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́, Hàlímàt, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó gbé gíláàsì ojú lé orí. Hàlímàt kò fún wọn ní oògùn kankan. Ó ní kí Tolúlọpẹ́ fún ọmọ lọ́mú, ó fa àga, ó sì ń wò ó. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka tẹ ahọ́n ọmọ náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ súnmọ́ bí. Ẹ wo òkè, lẹ́yìn pátápátá."

Adétóyè tẹ orí ba. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò wo inú ẹnu ènìyàn báyìí rí. Ó pọ́n, ó ń dán, ó mọ́ bí òdòdó tí ìrì sẹ̀ sí. Níbi tí àjà ẹnu ti yẹ kó parí, ihò kan wà níbẹ̀ tí ẹyọ ẹ̀wà kan lè gbà kọjá.

"Ibẹ̀ kò pàdé nígbà tó wà nínú oyún," ni Hàlímàt wí. "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ tó lè fa ọmú, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé pinpin. Tirẹ̀ ń jò. Bó bá ń fà, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Ìwọ̀nba tó bá rí, imú ló ń gbà lọ."

"Ṣé kò kọ oúnjẹ?" ni Adétóyè bi í.

"Ta ló kọ oúnjẹ? Bàbá, ọmọ yìí ṣiṣẹ́ ju gbogbo wa níbí lọ! Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi ń fa ohun tí kò ṣeé fà, kò sì tíì jáwọ́."

Alhaja ti ara mọ́ ilẹ̀kùn. "Ó tó ogójì ọmọ tí mo ti rọ," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò wo inú ẹnu ẹyọ kan rí."

Adétóyè jókòó. Bí ọkọ̀ bá dúró sí ẹ̀yìn ìlú, àwọn èrò á máa bú awakọ̀ pé kò fẹ́ lọ. Ẹni tó mú àsíá lọ́wọ́ nìkan ló mọ̀ pé ọ̀nà ni kò tíì ṣí. Òun ló mú àsíá lọ́wọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọmọ yìí, òun náà wà lára àwọn tó ń bú awakọ̀.

Hàlímàt kọ́ Tolúlọpẹ́ bí yóò ṣe fún omi ọmú sínú ife kékeré kan. Ó gbé ọmọ náà jókòó, ó fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ mú, ó sì fi etí ife kan ètè rẹ̀ nísàlẹ̀.

"A ò ní í dà á sí i lẹ́nu o. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mu ún."

Ahọ́n tín-ín-rín kan yọ síta, ó kan omi ọmú náà, ó sì padà. Ó tún yọ. Lẹ́yìn náà ni ojú ọmọ náà là gbòò, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ń mu. Wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe ń gbé e mì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ni Tolúlọpẹ́ wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Dádì, ẹ wò ó! Ó ń fi ife mu nǹkan bí àgbàlagbà tó wá kí wa nílé!"

Hàlímàt ní bí ọmọ náà bá ti lágbára tó, àwọn dókítà ní Ìlọrin yóò rán ibẹ̀ pa. Títí di ìgbà náà, ife ni. "Ó yá, Bàbá, ó kàn yín. Ìyá ọmọ á máa sùn nígbà míì."

"Èmi?"

"Ṣé ẹ̀yin ò lọ́wọ́ ni? Ẹ má bẹ̀rù. Ife ni mo fún yín, kì í ṣe àdá."

Adétóyè gba ọmọ náà, ó gbé e jókòó sọ́wọ́ òsì, ó sì gbé ife sí i lẹ́nu. Ahọ́n náà yọ wá pàdé rẹ̀. Nígbà náà ló rántí ohun tí dókítà sọ fún un nípa ọ̀fun Morẹ́nikẹ́, ọ̀rọ̀ tó fi etí gbọ́ tí kò jẹ́ kó wọ inú rẹ̀. Ọ̀fun náà ti dí. Obìnrin náà kò kọ ògì ọwọ́ rẹ̀. Ojú ló ń fi pamọ́ fún un, kó má bàa rí i pé òun kò lè gbé e mì mọ́.

"Rọra," ni ó wí. "Rọra mu ún. Mi ò bínú mọ́."

Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ife náà gbẹ, ahọ́n ọmọ náà sì tún yọ, ó ń wá etí ife kiri.

"Tolúlọpẹ́," ni Adétóyè wí, kò gbé ojú kúrò lára ọmọ náà, "tún fún omi ọmú wá. Kò tíì yó."