Òwú Pupa Lára Aṣọ Opó

Èmi ni ìyàwó tí wọ́n wá tọrọ. Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín o. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí, orúnkún ń dùn mí, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti di opó. Síbẹ̀, láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkùnrin mẹ́tàlélógún ló jókòó sí pálọ̀ mi ní Dahiriya, ní Palẹsítínì, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò fẹnu kan kọfí tí a gbé síwájú wọn.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá wá tọrọ ìyàwó kì í mu kọfí àfi tí wọ́n bá ti gbà fún un. Ikọ̀ méjì ni wọ́n. Bàbá Nayif, olówó àgùntàn, ló kọ́kọ́ kó tiẹ̀ dé. Kí wákàtí kan tó pé, Tísà Fawzi, tó fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kó tiẹ̀ náà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi Jumaa ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wọn lóhùn, Ramallah ló sì wà, àwọn sójà ti ti ọ̀nà pa. Wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró dè é. Ikọ̀ kan ò jẹ́ dìde kí èkejì má baà borí. Tí ilẹ̀ bá ṣú wọ́n á lọ sílé, tí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á tún dé. Kọfí á tutù, a ó dà á nù, a ó se òmíràn. Ìyà kí nìyí?

Pálọ̀ yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Rawand, ọmọbìnrin Jumaa. Òun ló ń gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ìyá wa sára jákẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ìwòyí ń wọ̀ sórí ṣòkòtò. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Chile, tí bàbá ńlá wọn ti kúrò ní Palẹsítínì kí wọ́n tó bí ìyá mi, ní àwọn fẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ ilé lẹ́yìn. Ọgbọ̀n jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kó ṣe, kí iṣẹ́ ara rẹ̀ sì rí bíi ti aṣọ inú fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Mọ́tò tó máa kó o lọ sí afárá tí ẹrù wa ń gbà jáde nílẹ̀ yìí yóò gbéra ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Tí kò bá bá mọ́tò yẹn lọ, wọ́n á lọ rà níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ Rawand ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé òògùn sílẹ̀ tìtorí ẹ̀. Àwọn ọkùnrin yìí sì jókòó lé méjìdínlógún tó ti parí lórí.

Èmi ni mo wà nínú fọ́tò yẹn tí Rawand gbé sórí ayélujára, nínú aṣọ mi aláwọ̀ búlúù. Búlúù ni opó ń wọ̀ láàárín àwa Bedu, ará aginjù. Ṣùgbọ́n tí opó bá ti fẹ́ lọ́kọ padà, a fi òwú pupa kún búlúù náà. Kò ní la ẹnu, ẹni tó bá lójú á rí i. Ìlú ńlá ni Rawand dàgbà sí, kò mọ̀. Àwọn ará Chile náà ò mọ̀, ẹwà ni wọ́n rí. Bàbá Nayif ló fi ìka fẹ fọ́tò lójú fóònù ọmọ rẹ̀ títí ó fi rí pupa nítòsí ìbàdí mi.

Gbogbo ará ilé wa ní Rawand ló ṣèèṣì fi pupa síbẹ̀, pé àṣìṣe ọmọdé ni. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: ọwọ́ mi yìí ló fi òwú yẹn síbẹ̀, ní ọ̀sán gangan, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo rò pé ẹnì kan á rí i níbi ìgbéyàwó tí mo wọ̀ ọ́ lọ, tí Rawand ti yà mí ní fọ́tò, ẹnì kan ṣoṣo! Ta ló mọ̀ pé yóò dé Chile? Mo dákẹ́. Ẹni tó tafà sókè tó yí odó borí, èmi nìyẹn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Jumaa wọlé, eruku bò ó. Kò tiẹ̀ tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Rawand! Ṣé o ti ya wèrè ni? O gbé àǹtí ẹ síta bí ẹran ọjà! O tún fẹ́ fi irú rẹ̀ wọ ọgbọ̀n ọmọlọ́mọ ní Chile! Kí ọgbọ̀n obìnrin máa rìn nígboro bí opó tó ń wá ọkọ!"

Bàbá Nayif gbórí sókè. "Ọgbọ̀n kẹ̀? Níbo ni Chile yẹn wà?"

"Ó jìnnà," Tísà dáhùn.

"Ṣé mọ́tò ń dé ibẹ̀?"

Jumaa ní kí wọ́n forí jin òun, pé àṣìṣe ni. Tísà bá yọ awò ojú, ó fa jákẹ́ẹ̀tì kan yọ lábẹ́ ìdí ara rẹ̀, ó ń kà.

"Igba ó lé mẹ́rìnlá ni òwú pupa yìí, Alhaji. Àṣìṣe kì í pọ̀ tó yìí."

"Tísà, ìyàwó lẹ wá tọrọ ni, àbí iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ wá máàkì?" Bàbá Nayif ló sọ bẹ́ẹ̀.

Jumaa na ìka sí Rawand. "Mú sísọ́ọ̀sì. Tú gbogbo pupa yẹn níṣojú wọn, lára gbogbo jákẹ́ẹ̀tì náà."

Rawand mú sísọ́ọ̀sì. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo ti bà yín lórúkọ jẹ́."

Háà! Ojú tì mí débi pé ó ń ta mí lára.

"Gbé sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀," mo ní. "Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo fẹ́ lọ́kọ."

Rawand gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Nazmiyya!" Jumaa ní.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń dá jẹun, tí mò ń wo ògiri. Ó sú mi. Mo fẹ́ ẹni tí màá máa bá jà pé iyọ̀ pọ̀ jù."

Inú Bàbá Nayif dùn, ó di ife mú. "Ọlọ́run ti gbọ́! Èwo nínú àwa méjèèjì wá ni?"

"Mo ní mo fẹ́ ọkọ, mi ò ní mo fẹ́ yín. Ẹ dìde lórí iṣẹ́ ọmọ yìí, ẹ máa lọ."

Wọ́n lọ, wọ́n ń kùn. Tísà tiẹ̀ ní òun ò tíì ka apá òsì.

Nínú àwọn ọkùnrin, Jumaa nìkan ló kù, ó jókòó sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń pè mí: omi ńkọ́, òrùlé ńkọ́, orúnkún ńkọ́. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọdún mẹ́fà, Nazmiyya. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bi mí?"

Ó wo Rawand. "Mélòó ló kù tí ẹ ò tíì parí?"

"Méjìlá, Bàbá."

Ó sún mọ́ wa, ó mú abẹ́rẹ́, ó ń wá ojú rẹ̀ láti fi òwú pupa bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kó tó rí i fi bọ̀. Ó na abẹ́rẹ́ náà sí mi, kò gbójú sókè.

"Irú ọkùnrin wo lo tiẹ̀ fẹ́ gan-an?"