Wọ́n Kí Mi Káàbọ̀ sí Ilé Ara Mi

Làmídì, ọ̀rẹ́ mi, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ.

O rántí pé lánàá ni oníṣẹ́ fóònù kó gbogbo ohun tí fóònù mi tó bàjẹ́ ti fi pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì padà sínú tuntun. Orúkọ àwọn mẹ́ta tí n kò mọ̀ rí bá wọn wọlé, tòun ti páásíwọ́ọ̀dù wọn, ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọlé. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ fi wọ́n síbẹ̀." Ohùn Àdùkẹ́, ìyàwó mi tó ti kú, tí mo gbà sílẹ̀ sínú fóònù àtijọ́, tí mo sì torí rẹ̀ lọ, kò sì sí níbẹ̀.

Nínú àlá náà, mo dé ẹnu ọ̀nà ilé mi. Fóònù ti di ilẹ̀kùn, ó ń tàn bí omi. Ọkùnrin mẹ́ta ṣí i, ọ̀kan dé fìlà mi. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Èmi náà sì dáhùn pé, "Ẹ kú ilé o."

Mo gbọ́ tí Àdùkẹ́ ń rẹ́rìn-ín ní yàrá, mo ní kí wọ́n bá mi pè é. Ọ̀kan bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Kí á ní ta ni ń bèèrè wọn?" Orúkọ mi kò wá sí mi lẹ́nu. Ẹkún ni mo sun jí.

O ń rẹ́rìn-ín pé èmi tí mo máa ń lé ewúrẹ́ aládùúgbò jáde ni mo wá kí olè kú ilé. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Wọ bàtà rẹ, kí á lọ bá oníṣẹ́ náà. Bí ó bá kí mi káàbọ̀, n kò ní í dá a lóhùn títí yóò fi sọ ẹni tó wọ inú fóònù mi, àti ibi tí ohùn ìyàwó mi wà.