Ìka Tí Làtífù Kò Nà

Láti ìgbà tí owó epo ti já wálẹ̀ ní 1986, tí ilé iṣẹ́ epo kan ní Westchase lókè òkun sì dá Làtífù dúró lẹ́nu iṣẹ́, ojú Bọ̀dá Ọládọ̀tun ló ń wò. Bọ̀dá ti ṣèlérí pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa yẹ páìpù epo wò lábẹ́ àwọn níléeṣẹ́ àwọn ní The Woodlands, pé tó bá di Monday, àwọn á dárúkọ rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n jọ ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ní páàkì. Tí Bọ̀dá bá sì ti fìdí balẹ̀ báyìí, ìtàn Tebbing dé nìyẹn. Ọmọ abúlé tó ń mọ bíríkì ni Tebbing, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Fìtóríà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ju bọ́ọ̀lù fún olówó kan tó gbà á síṣẹ́. Nígbà tí èjìká rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, olówó náà fi í ṣe rẹfirí. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù ha igi ọwọ́ olówó yìí, alátakò sì hán an kó tó balẹ̀; òfin eré náà ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Tebbing na ìka sókè pé kó jáde. Olówó náà lé e; ibẹ̀ niṣẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ parí sí. Òkúta ló ń fọ́ lẹ́bàá títì títí ó fi kú.

"Ọkùnrin nìyẹn," ni Bọ̀dá máa ń wí. Làtífù á ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀, á máa rò ó pé ta wá ló ń bọ́ àwọn ọmọ Tebbing?

Ní Sunday tó ṣáájú Monday tí à ń wí yìí, àwọn ará Pakistan ni wọ́n bá gbá a. Ẹgbẹ́ tí igi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fi ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe rẹfirí. Ó kan Làtífù. Bọ́ọ̀lù dé, igi Bọ̀dá dún kẹ́, alátakò tó wà lẹ́yìn Bọ̀dá hán an. Gbogbo ojú yí sí Làtífù. Bọ̀dá ò mira láti jáde.

Wọ́n kọ́ Làtífù nílé pé a kì í nàka sí àgbà. Àgbà tí oúnjẹ ẹni tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó mi orí pé rárá. Ojú tì í, àmọ́ ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nínú mọ́tò, lórí freeway, Bọ̀dá bi í pé, "O gbọ́ ìró igi yẹn, àbí o ò gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"Tí páìpù bá sán, tí mo ní kó o sign pé ó okay ńkọ́?"

Inú bí Làtífù. "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà gbọ́. Ẹ ò kúrò níbẹ̀."



"Mi ò kúrò," ni Bọ̀dá wí. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń wá ẹni tó máa lè lé mi kúrò."

Làtífù ò bèèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Monday mọ́.